Ẹ fi etí ṣọ́ printer amọ̀ yín: bí a ṣe ń gbọ́ àbùkù kí ìkòkò tó dénú iná

Ẹni tó bá ti fi printer 3D tẹ amọ̀ rí á mọ̀ pé àbùkù téèyàn fojú rí kọ́ ni wàhálà. Èyí tó bá wó lójú yín, ẹ ó kó o, ẹ ó tún un pò, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó tán. Èyí tó ń dunni ni èyí tó dúró dáadáa, tó gbẹ, tó lẹ́wà, tẹ́ ẹ wá fi gáàsì olówó gọbọi sun, tó wá sán níbi tí afẹ́fẹ́ kékeré kan ti há sínú ògiri ẹ̀ látìgbà tí ẹ̀rọ ti ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó rí i. (Àwọn kan á ní afẹ́fẹ́ yẹn ló ń bú nínú iná. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, omi tí ò tíì gbẹ tán ló ń hó tó ń fọ́ ìkòkò gbàù. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe ni pé ó ń sọ ojú ibẹ̀ di aláìlágbára, ibẹ̀ ni sísán á ti bẹ̀rẹ̀.)

Amọ̀ tútù ṣì ṣe é tún pò. Tí iná bá ti gbé e kọjá bíi 600°C kò lè padà di amọ̀ mọ́ láéláé, tó bá fọ́, àpáàdì ni. Torí náà gbogbo àbùkù tẹ́ ẹ bá mú kí iná tó dé, èrè ni.

Ẹ ṣáà mọ bí àwọn tó ń ra ìkòkò lọ́jà ṣe máa ń fi ìka kàn án kí wọ́n tó sanwó, láti Ìlọrin dé Ìpetumodù, èyí tó yè á dún gooro, èyí tó ti sán á dún bọ̀ọ̀. Etí yẹn dáa, àmọ́ ìkòkò ti jiná nígbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ohun tá a fẹ́ ṣe níbí ni pé ká gbé etí yẹn wá síwájú, ká fi sí ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù tí printer ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Irú ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni èyí tó ń ti okùn amọ̀ jáde: wọ́n á kó amọ̀ sínú páìpù, kọ̀mpírẹ́sọ̀ (irú èyí tí àwọn fọkanáísà ń lò ti tó) á máa ti písítìnì lẹ́yìn ẹ̀, amọ̀ á gba inú họ́ọ̀sì lọ bá skru kan tí motor ń yí, skru yẹn ló ń gbé e jáde lẹ́nu nọ́súlù, ìpele lórí ìpele. Sandia, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, ti ń fi ọ̀nà tó jọ èyí ṣe séráámíìkì (ohun tí wọ́n mọ bí amọ̀, tí iná sì sọ di líle) látàwọn ọdún 1990, robocasting ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ti wọn kì í ṣe amọ̀ ìkòkò, alumina àtàwọn ẹbí ẹ̀ ni. Àbùkù wọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa: afẹ́fẹ́ há, nọ́súlù dí, ìpele ò lẹ̀ mọ́ra.

Ohun tẹ́ ẹ máa wá

Ẹ ra piezo disc bíi mẹ́ta, ìyẹn pẹlẹbẹ idẹ róbótó tí wọ́n máa ń ṣe ní 27 mm, owó ẹ̀ ò tó nǹkan, kódà tẹ́ ẹ bá tú áláàmù àtijọ́ tàbí ohun ìṣeré ọmọdé tó ń dún píì-píì ẹ lè bá a nínú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan funfun tó wà láàárín idẹ yẹn, séráámíìkì lòun náà, tó bá ti gbọ̀n báyìí á mú iná díẹ̀ wá. Àwọn Curie, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ló rí àṣírí yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1880. Séráámíìkì la fẹ́ fi gbọ́ ohùn séráámíìkì, ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, sáùǹdì káàdì USB tó ní ihò gìtá. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe sáùǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi ihò máìkì lásán ṣe é, piezo ò lágbára tó láti bá a ṣe pọ̀, gbogbo ohùn tó nípọn ló máa sọnù. Tó bá ní ihò méjì, á dáa gan-an. Wáyà yín náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú ti máìkì, èyí tí wọ́n hun wáyà wẹ́wẹ́ yí ká nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná NEPA á máa kùn "ùùùù" nínú ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan, Audacity, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀ tí wọ́n ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ó parí. Fóònù yín náà á wúlò àmọ́ kì í ṣe fún ohun tẹ́ ẹ rò, mà á débẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ẹ má lẹ piezo mọ́ amọ̀, amọ̀ tútù máa ń gbé ohùn mì káló. Irin ló ń gbé ohùn kiri. Ẹ lẹ ọ̀kan mọ́ irin tó di nọ́súlù mú, kẹ́ ẹ lẹ ìkejì sábẹ́ pátákó tí ìkòkò ń dúró lé. Super glue tàbí epoxy ni kẹ́ ẹ lò, tépù oníhà méjì rọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa yọ ọ́ kúrò, ẹ fi Vaseline díẹ̀ sáàárín òun àti irin kẹ́ ẹ wá fi clip dè é típẹ́típẹ́, Vaseline yẹn ń lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín wọn kí ohùn lè ráyè kọjá.

Èrè tó wà nínú lílo méjì rèé. Tí nǹkan bá dún, tí ti nọ́súlù gbọ́ ọ ju ti pátákó lọ, inú ọ̀nà tí amọ̀ ń gbà ni wàhálà wà. Tó bá jẹ́ pátákó ló gbọ́ ọ jù, ẹ wo ìkòkò fúnra ẹ̀ tàbí àwọn irin tó ń gbé pátákó. Fóònù wá ni ẹlẹ́rìí ìta: ẹ gbé e sórí tábìlì mìíràn, kóun náà máa gba ohùn sílẹ̀. Ohun tí fóònù gbọ́ ketekete tí piezo ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́, ti àdúgbò nìyẹn, ó lè jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnìkejì yín tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tó kọjá.

Láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ mú pẹ́ńsù onílíìdì 0.5 mm, 2H, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí, ẹ yọ líìdì ẹ̀ síta bíi 3 mm, kẹ́ ẹ wá tì í mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ piezo títí tó fi máa ṣẹ́. Ohùn tí líìdì yẹn ń ṣe tó bá ṣẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ látọjọ́ dé ọjọ́, àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ń pè é ní Hsu-Nielsen, wọ́n sì ń lò ó láti mọ̀ bóyá sensọ wọn ṣì ń gbọ́ràn. Tó bá kéré sí tàná, gọ́ọ̀mù ti ń ṣí nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohùn ẹ̀ nígbà tí ara ẹ̀ yá

Èèyàn á fẹ́ sáré lọ wá ohùn àbùkù. Ẹ fara balẹ̀. Ohùn àbùkù pọ̀ ju ohun tẹ́nikẹ́ni lè kà tán lọ, ohùn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ ló wà lójú kan, òun sì ni ẹ máa fi díwọ̀n ohun tó kù.

Ẹ kún táǹkì kọ̀mpírẹ́sọ̀, kẹ́ ẹ wá pa á (afẹ́fẹ́ tí písítìnì ń jẹ ò pọ̀, táǹkì kan á gbé iṣẹ́ kékeré dópin). Tẹ́ ẹ bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ẹ gbé e jìnnà. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV, ẹ má lo MP3 rárá torí ohùn tín-tìn-tín òkè tí MP3 ń gé dànù gan-an là ń wá. Iye ìgbà tí káàdì ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (sample rate ni wọ́n ń pè é) gbọ́dọ̀ tó 44.1 kHz ó kéré tán, ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn tó ga dé 22 kHz, tí káàdì yín bá lè ṣe 96 kHz, ẹ lò ó.

Kọ́kọ́ gba ẹ̀rọ tó tàn tí kò rìn, fáànù nìkan lẹ máa gbọ́. Gba a nígbà tó ń rìn láìsí amọ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó fi amọ̀ sí, amọ̀ tẹ́ ẹ pò dáadáa, kó tẹ sílíńdà lásán tí kò lọ́nà kankan lára. Kó tó gbéra ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi kókó ìka kan pátákó lẹ́ẹ̀mẹta, pá-pá-pá, ibẹ̀ lẹ máa fi to gbogbo fáìlì pọ̀ tó bá yá. Ẹ máa tẹ sílíńdà yẹn títí àwòrán ohùn wọn á fi jọra.

Tí amọ̀ bá yí padà, tẹ́ ẹ ro àpáàdì lílọ̀ mọ́ ọn tàbí tí omi ẹ̀ pọ̀ sí i, ẹ tún gba tuntun. Amọ̀ tó ní àpáàdì ń ha nọ́súlù, "ṣà-ṣà-ṣà" ẹ̀ ga ju ti amọ̀ kíkúnná lọ, tẹ́ ẹ bá fi ti àná díwọ̀n ẹ̀, áláàmù á máa ké lórí ohun tí kò ṣe é.

Ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́

Ẹ fi syringe gún afẹ́fẹ́ sínú amọ̀ tó wà nínú páìpù. Ìgbà mìíràn, ẹ ju èékù amọ̀ gbígbẹ kan sí i. Ìgbà mìíràn, ẹ sọ nọ́súlù kalẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kọ àsìkò tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, tó bá parí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la ògiri ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Tẹ́ ò bá là á wò, ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ kàn ń méfò ni.

Ti afẹ́fẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa. Nínú páìpù, présọ̀ ti fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀ ó ti kéré. Bó ṣe dẹ́nu nọ́súlù, présọ̀ tú lójijì, ó wú lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ́: "pá!" Nọ́súlù á yanu lásán díẹ̀, okùn amọ̀ á já, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wá tú jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá yí Audacity sí spectrogram (àwòrán ohùn tí àsìkò ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, tí ohùn tó ga sì wà lókè), ẹ ó rí ìlà tóóró kan tó dúró ṣánṣán látìsàlẹ̀ dókè, lẹ́yìn ẹ̀ ibi tó dákẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ohùn ṣíṣàn tó tún padà wá. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́dọ̀ pé. Ìlà nìkan láìsí ìdákẹ́, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló kan tábìlì.

Èyí tó burú ni afẹ́fẹ́ tí kò bẹ́ rárá, tó bá okùn amọ̀ jáde jẹ́jẹ́ tó wọnú ògiri lọ jókòó. Ìyẹn ò dún. Àmọ́ afẹ́fẹ́ kì í sábà dá nìkan wà, amọ̀ tí wọn ò pò dáadáa tàbí tí wọ́n kó sínú páìpù kúlú-kúlú ló ń bí wọn, torí náà tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ̀kan tó bẹ́, ẹ fura sí gbogbo amọ̀ tó kù nínú páìpù yẹn.

Kí nọ́súlù dí ní tiẹ̀, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ó rò pé tí motor bá ń jìyà ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń gun òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún stepper motor, bọ́ọ̀dù ló ń pàṣẹ iye ìgbésẹ̀ tó máa gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́rù wà bẹ́rù ò sí, ohùn ẹ̀ á dúró lójú kan náà. Ohun tó máa yí padà ni pé á le sí i, àwọn ìró tó wà lókè á máa yọjú, "ṣà-ṣà" amọ̀ tó ń ṣàn á sì máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni motor á wá jáwọ́, á máa dún "kọ́-kọ́-kọ́", á máa fo ìgbésẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró de "kọ́-kọ́-kọ́" ó ti pẹ́ jù, ìpele díẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀. "Ṣà-ṣà" tó ń kú lọ yẹn ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Nọ́súlù tó ń họ ìpele tó wà lábẹ́ rọrùn láti mọ̀, á dún kàrà ní ojú kan náà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ "ṣíííí" láti páìpù, afẹ́fẹ́ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá tàbí amọ̀ ti fẹ́ tán. Ẹ pa afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ tú présọ̀ náà títí géèjì á fi kà òdo kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí páìpù yẹn. Ẹ̀yin ará, mi ò bá yín ṣeré lórí eléyìí o, ìdérí tó fò pẹ̀lú présọ̀ lè gba ojú èèyàn.

Láti orí gbígbọ́ dé orí áláàmù

Nínú Audacity, ẹ lo high-pass filter (asẹ́ tó ń yọ ohùn ìsàlẹ̀ tó sì ń jẹ́ kí tòkè kọjá) ní bíi 300 Hz. Iná wa 50 Hz ni, ìkùn ẹ̀ máa ń wà ní 50, 100, 150, filter yẹn á kó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá mọ Python díẹ̀ (èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà), ẹ gé ohùn sí ègé kéékèèké, 2048 sample ní 44.1 kHz jẹ́ bíi 46 ms, ìyẹn tó. Fún ègé kọ̀ọ̀kan ẹ ṣírò bí ohùn ṣe lágbára tó, àti bóyá agbára yẹn wà lókè tàbí nísàlẹ̀. Nǹkan méjì yìí nìkan á gbé yín jìnnà, ẹ má tíì gbọ́rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní AI ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lò, AI ń fẹ́ àpẹẹrẹ púpọ̀ tẹ́ ò tíì ní.

Ẹ wá pa ààlà. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ààlà sókè nìkan: tí ohùn bá ju báyìí lọ, ké. Ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ náà torí pé ìdákẹ́ ni nọ́súlù tó dí ń mú wá. Ẹ wo sílíńdà tó dáa tẹ́ ẹ ti gbà sílẹ̀, ibi tí ohùn wọn ga dé jù àti ibi tó kéré dé jù, ẹ fi ààlà síta díẹ̀ sí méjèèjì.

Igun á sì máa yọ yín lẹ́nu. Bí printer bá yí igun, motor á dún, bó bá dáwọ́ amọ̀ dúró láti fò lọ síbòmíì, ohùn á dákẹ́, áláàmù á ní nọ́súlù ti dí. Ọ̀nà àbáyọ ni pé G-code (fáìlì àṣẹ ìrìn tí printer ń tẹ̀ lé) kan náà máa ń rìn bákan náà ní gbogbo ìgbà, torí náà ẹ má fi gbogbo iṣẹ́ díwọ̀n ìṣẹ́jú kẹwàá, ìṣẹ́jú kẹwàá ti èyí tó dáa ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Pá-pá-pá tẹ́ ẹ kàn níbẹ̀rẹ̀ ló máa tò wọ́n fún yín. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi dáa fún ẹni tó ń tẹ irú ìkòkò kan náà léraléra, ẹni tó ń tẹ tuntun lójoojúmọ́ á jìyà díẹ̀.

Tí áláàmù bá ké, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ wò ó. Ihò kékeré, ẹ fi amọ̀ olómi dí i kẹ́ ẹ fìka tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ yára, torí bí ìpele òkè bá gbẹ, èyí tó ń bọ̀ ò ní lẹ̀ mọ́ ọn, àbùkù mìíràn lẹ fi pààrọ̀ nìyẹn. Ẹ fọ́n omi sí i, ẹ fi nylon bò ó. Tó bá jẹ́ léraléra ló ń bẹ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un pò.

Etí ò lè gbọ́ gbogbo nǹkan ṣá. Amọ̀ tó rọ̀ jù tó ń rọra tẹ̀ síbì kan ò ní pariwo, ìkòkò tó ń wọ́ bó ṣe ń gbẹ kì í ké. Fún ìyẹn, kámẹ́rà ni.

Nígbà tó bá ń gbẹ àti nínú iná

Sísán tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbígbẹ máa ń dún, àmọ́ púpọ̀ nínú ẹ̀ ga ju ohun tí etí èèyàn ń gbọ́ lọ, etí wa ò kọjá 20 kHz. Acoustic emission làwọn oníṣẹ́ ń pe gbígbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, ìwé ìwádìí tí Joseph Kaiser ṣe ní Munich, Jámánì, ní 1950 sì wà lára ìpìlẹ̀ ẹ̀. Sensọ wọn sábà máa ń gbọ́ láti bíi 100 dé 300 kHz, piezo olówó pọ́ọ́kú wa ò débẹ̀ dáadáa. Pẹ̀lú ìyẹn náà, bí amọ̀ ṣe ń gbẹ ló ń gbé ohùn sí i, torí náà ẹ lè wá gbé ìkòkò lé irin pẹlẹbẹ tí piezo wà lábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú ní 96 kHz, èyí tó bá sán gidi á fi ìlà sílẹ̀ fún yín.

Nínú iná, ẹ ò lè fi piezo síbẹ̀, á jóná. Àwọn tó ń ṣe é máa ń ti ọ̀pá séráámíìkì gba ara ìléru wọlé kó gbé ohùn jáde wá bá sensọ níta. Ẹ̀yin tẹ́ ò ní ìyẹn, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí iná bá ń tutù, pàápàá ní àyíká 573°C tí quartz (òkúta wẹ́wẹ́ bíi yanrìn) inú amọ̀ máa ń yí ara ẹ̀ padà tó sì ń sún kì lójijì. Ẹ má ṣílẹ̀kùn ìléru níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí printer yín ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ rẹ́sìnì olómi tó ní séráámíìkì nínú di líle, ti yín rọrùn: ìpele kọ̀ọ̀kan máa ń ya kúrò lára fíìmù ìsàlẹ̀ tòun ti ohùn. Ọjọ́ tí ohùn yíya yẹn bá dẹ́kun, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ yín ti já bọ́ sínú àwo.

Tó bá ti jiná tó ti tutù, ẹ wá ṣe ti ọjà. Ẹ gbé e lé fóòmù, ẹ fi igi kékeré kàn án lójú kan náà, fóònù á gbà á. Àwọn ìkòkò tó ti G-code kan náà jáde tí ìwọ̀n wọn dọ́gba yẹ kó dún sí ibì kan náà lórí gíráàfù, èyí tí tiẹ̀ bá wá sílẹ̀, tí ohùn ẹ̀ sì tètè kú, ó ti sán níbì kan bẹ́ ò tiẹ̀ rí i. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì ọjọ́ tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá sán ni kẹ́ ẹ padà lọ ṣí fáìlì yẹn, kẹ́ ẹ gbọ́ ìpele tó bá ojú ibẹ̀ mu, torí náà ẹ má pa fáìlì kankan rẹ́ kí ìkòkò ẹ̀ tó jáde nínú iná, kódà tí ibi ìkópamọ́ láptọ́ọ̀pù bá ń pariwo pé òun ti kún.